Àkókò Ta Ni Macro Ń Jẹ?

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ bá jà lónìí. Níbikíbi tí ọmọ mẹ́ta bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe géèmù, ẹ ó gbọ́ ọ: "Kì í ṣe ojóró, ó kàn ń jẹ́ kó yá ni." Èmi fúnra mi ti sọ ọ́ títí ó fi di orin lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi, mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, mo sì sọ ọ́ fún ara mi ní òru ọjọ́ kan tí mi ò rí oorun sùn. Irọ́ ni gbólóhùn náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Kí àwọn tí kì í ṣe géèmù má baà ṣìnà, n ó kọ́kọ́ sọ ohun tí macro jẹ́. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ bọ́tìnì, bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Tẹ A, A ni wàá rí. Macro ni àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà pé, "Bí mo bá ti tẹ ẹyọ kan yìí, ìwọ bá mi tẹ ogún yòókù." Ẹni tó yẹ kó tẹ bọ́tìnì mẹ́fà kó tó lè ta ọfà, kó sá, kó sì gbé asà nínú géèmù, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò tẹ̀. Àwọn mìíràn ń kọ macro tiwọn débi pé wọn á lọ sùn, kọ̀ǹpútà á sì máa bá wọn gé igi, á máa bá wọn wa kùsà nínú géèmù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Èmi kò sọ pé macro burú o. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ètò ìkọ̀wé kan wà tí wọ́n ń pè ní Emacs, tí wọ́n ṣe ní MIT ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976. Inú ọ̀rọ̀ macro gan-an ni wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀, nítorí àkójọ macro ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ìka àwọn tó ń tẹ̀wé lè sinmi. Nílé tiwa náà, màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Bí àsìkò ìdánwò bá dé, àwọn ilé-ìwé á máa kó ìbéèrè wá fún wọn láti tẹ̀. Orí ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ orúkọ ilé-ìwé sí, àti kíláàsì, àti táàmù, àti iye wákàtí, àti ìlànà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ lé. Mo bá wọn kọ macro kan. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni wọ́n ń tẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á sì jáde bí ẹni pé ó ti ń dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Màmá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í jẹun rèé!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mi ò tíì mọ̀ pé bí mo bá gbé ọmọ ọ̀dọ̀ náà lọ síbòmíràn, yóò jẹun, oúnjẹ ẹlòmíràn ni yóò sì jẹ.

Ní táàmù kejì ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa ṣe ìdíje. Géèmù tí a fi ṣe é kò le. Àwọn ọ̀rọ̀ á máa já bọ́ láti òkè bí èso orí igi, ìwọ á sì sáré tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tán kó tó kanlẹ̀. Bó bá kanlẹ̀, o ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ó sì ṣe ń pẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń yára sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni olùkọ́ wa ti lẹ ọgọ́ta ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò mọ́ ògiri, ọ̀rọ̀ gígùn gígùn láti inú ìwé sáyẹ́ǹsì, kí gbogbo wa lè fi dánra wò.

Ẹ̀bùn rẹ̀ kì í ṣe owó. Yàrá kọ̀ǹpútà wa ní ẹ̀rọ mẹ́sàn-án, méje ló ń ṣiṣẹ́, àwa tí à ń lò ó sì lé ní irínwó. Bí ó bá kan kíláàsì kan, ọmọ mẹ́fà mẹ́fà tàbí méje méje ló ń rọ́ mọ́ ẹ̀rọ kan. Olùkọ́ wa wá sọ pé ẹni tó bá gbégbá orókè ni yóò máa dá lo ẹ̀rọ kan fún wákàtí kan lẹ́yìn ilé-ìwé, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, títí táàmù yóò fi parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: àkókò ni ẹ̀bùn náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní láptọ́ọ̀pù nílé. Alẹ́ méjì ni mo fi jókòó sídìí rẹ̀ pẹ̀lú AutoHotkey, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ènìyàn fi ń kọ macro. Mo ṣe é pé bí mo bá tẹ "fs", kọ̀ǹpútà á tẹ "photosynthesis" látòkèdélẹ̀. Bí mo bá tẹ "ev", "environment" ni yóò jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbogbo ọgọ́ta ọ̀rọ̀ náà. Mo kó o sínú fláàṣì, mo sì fi fláàṣì sápò. Lọ́jọ́ ìdíje, èmi àti ọmọbìnrin kan láti SS 1 ló kù gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹyọ kan kò já mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi náà tẹríba bí ẹni tó ṣe nǹkan.

Kò sẹ́ni tó mú mi. Lọ́jọ́ kẹrin ni olùkọ́ kan rán mi lọ gba rẹ́jísítà ní kíláàsì SS 1. Orí tábìlì ọmọbìnrin yẹn ni mo ti rí páálí Indomie kan tí wọ́n fi abẹ gé. Ó ti fi bíró ya kíbọ́ọ̀dù sára rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan wà bó ṣe yẹ kó wà, láti Q títí dé M. Ìka ti pa lẹ́tà E àti A rẹ́, ó sì ti tún wọn kọ. Ó rí i pé mò ń wò ó, ojú tì í díẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú oríire o, bùrọ̀dá. Orí páálí yìí ni mo ti ń dánra wò. Kò sí kọ̀ǹpútà nílé wa."

Mo gba rẹ́jísítà, mo jáde. Òru ọjọ́ yẹn ni mi ò rí oorun sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ọ̀rọ̀ yìí bí ìṣirò. Gbogbo bọ́tìnì tí macro bá mi tẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí mo bá fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ wọ́n, kò lè gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìyẹn ni àkókò tí mo ní mo dín kù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jókòó sídìí ẹ̀rọ tó yẹ kí ọmọ ọlọ́mọ jókòó sí. Wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún: wákàtí 25. Mo dín ìṣẹ́jú méjì kù lára tèmi, mo sì jẹ wákàtí 25 mọ́ ẹni tí kò ní ju páálí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ó kàn ń jẹ́ kó yá ni, ta ló yá fún?

Mo mọ èsì tí ẹ ó fún mi, nítorí èmi náà ti fi dá ara mi lóhùn.

Ẹ ó kọ́kọ́ sọ pé, "Èmi náà ṣiṣẹ́. Orí mi ni mo fi kọ macro náà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gun ọ̀kadà wọ inú ìdíje eré ẹsẹ̀, ṣé a óò fún un ní ife ẹ̀yẹ nítorí pé ó mọ ọ̀kadà gùn, tó sì fi owó ara rẹ̀ ra epo? Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní ká fi sáré. Ká ní wọ́n pe ìdíje macro kíkọ ni, tí mo sì gba ipò kìn-ín-ní, ẹnu mi ì bá gba ọ̀rọ̀ láàárín ọjà. Èyí tí mo ṣe yìí, inú àpò ni mo fi pamọ́ sí. Iṣẹ́ tí ènìyàn kò lè gbé síta kí ẹni tó ń bá a díje rí i, òun fúnra rẹ̀ ti mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́.

Ẹ ó tún sọ pé, "Kò sẹ́ni tí wọ́n ní kó má lò ó. Gbogbo ènìyàn ló lè lò ó." Gbogbo ènìyàn wo? Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù nílé, tó ní dátà tó fi lè gba ètò náà sórí rẹ̀, tí iná sì wà fún ní alẹ́ méjì. Páálí kò ní ihò tí wọ́n ń ki fláàṣì bọ̀. Bí gbogbo wa bá sì ní in tí gbogbo wa ń lò ó ńkọ́? A jẹ́ pé kọ̀ǹpútà méjì ló ń bá ara wọn díje, àwa ọmọ ènìyàn kàn wá wòran ni.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn àgbà náà máa ń sọ: "Ṣebí géèmù lásán ni." Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ mọ ayò ta, ẹ wá gbà mí. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ mẹ́rin ló ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọmọ 48. Èso lásán ni. Síbẹ̀, bí ọ̀pẹ kan bá dọ́gbọ́n ki ọmọ méjì bọ ihò nígbà tí ẹni tó ń bá a ta gbójú sókè, ṣé ẹnikẹ́ni máa ń sọ pé èso lásán ni? Wọ́n á lé e dìde nídìí ọpọ́n ni. Ọdún mélòó ni ènìyàn fi ń jẹ ọ̀pẹ kó tó di ọ̀ta! Àwọn ọdún yẹn ni à ń bọ̀wọ̀ fún bí a bá ń pe ẹnì kan ní ọ̀ta. Ẹni tó bá ṣe èrú ti sọ ọdún wọ̀nyẹn di yẹpẹrẹ.

Àwọn tó ń ṣe géèmù kárí ayé ti ń jà sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Counter-Strike, géèmù ìbọn, ẹni tó ń sáré kò lè yìnbọn kó bà dáadáa àfi bó bá kọ́kọ́ dúró. Láti dúró ní kíá, yóò tẹ bọ́tìnì òdìkejì ibi tó ń lọ, ní àkókò gan-an tó ń jọ̀wọ́ ti ìṣáájú. Ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn ọmọ fi ń kọ́ ọ kí ìka wọn tó mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó yá, macro dé, kíbọ́ọ̀dù olówó gọbọi sì dé tó ń bá ènìyàn ṣe é fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Valve, iléeṣẹ́ tó ni géèmù náà, sọ pé ó tó gẹ́ẹ́: wọ́n á máa lé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kúrò nínú eré lórí ẹ̀rọ tiwọn. Ọmọdé ìgboro wa lè sọ pé wọ́n le jù. Èmi sọ pé wọ́n ṣe é re. Oṣù tí ẹlòmíràn fi kọ́ ìka rẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnì kan fi owó kíbọ́ọ̀dù rà lójú kan.

Níbi tí mo dé yìí, mo mọ̀ pé inú àwọn olùkọ́ kan ti ń dùn. Ẹ jẹ́ kí n yíjú sí ẹ̀yin náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ti gbọ́ tí àgbà kan sọ pé macro àti èkspó nínú ìdánwò, ọmọ ìyá ni wọ́n, kí wọ́n fòfin de gbogbo rẹ̀ ní yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fòfin de ọ̀bẹ nílé ìdáná, ebi ni yóò pa gbogbo ilé. Nínú Windows, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Sticky Keys. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tẹ bọ́tìnì méjì pa pọ̀ lè fi tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á sì gbà pé ó tẹ̀ wọ́n pa pọ̀. Ọmọ kíláàsì wa kan wà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa láti kékeré. Bí òun bá lo irú rẹ̀, tí gbogbo wa sì mọ̀, kí ló burú níbẹ̀? Ọ̀pá ìtìlẹ̀ kì í ṣe ọ̀kadà.

Ẹni tó ń dá géèmù ṣe nínú yàrá rẹ̀ náà, tí kò bá ẹnikẹ́ni díje, tí kò bá ẹnikẹ́ni ná ọjà nínú rẹ̀, mi ò bá a jà. Nínú RuneScape, kí ènìyàn tó dé ìpele 99 nínú iṣẹ́ igi gígé, ó gbọ́dọ̀ kó máàkì tó lé ní mílíọ̀nù 13 jọ. Bó bá sì dé ìpele 92, ìdajì ọ̀nà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó lè sú ènìyàn lóòótọ́. Àwọn tó ni RuneScape kò fàyè gba macro, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló jọ ń ra igi tí wọ́n sì ń tà á nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ìwọ nìkan ni, ohun kan péré ni n ó bi ọ́: bí o ò bá fẹ́ ṣe eré náà tí o fi ń bẹ ẹ̀rọ kó bá ọ ṣe é, kí ló dé tí o ò pa á kí o lọ sùn?

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló tó láti ya macro màmá mi sọ́tọ̀ kúrò lára macro tèmi. Èkíní: ta ló jókòó sí òdìkejì? Èkejì: ṣé ó mọ̀? Níwájú màmá mi, oníbàárà ló jókòó, ó sì ń fẹ́ kí ìwé rẹ̀ tètè jáde. Níwájú tèmi, ọmọ SS 1 kan ló jókòó, kò sì mọ nǹkan kan.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí wákàtí 25 yẹn jẹ́ fún un. Ọ̀la, ọ̀tunla, òun náà yóò jókòó fún JAMB. Ìbéèrè 180, wákàtí méjì: ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ìbéèrè kan ní. JAMB gbà kí ẹni tí kò mọ máòsì lò fi bọ́tìnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo rẹ̀. A, B, C àti D ni fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti padà. Ohun tó ń jẹ́ kó yá gan-an nìyẹn: bọ́tìnì kan, iṣẹ́ kan, gbogbo ayé mọ̀, gbogbo ayé ló sì láṣẹ láti lò ó. Ṣùgbọ́n ìka tó mọ páálí nìkan yóò kọ́kọ́ wárìrì lórí kíbọ́ọ̀dù gidi. Ohun tí wákàtí yẹn ì bá wò sàn nìyẹn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi kò lè dúró dè é. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo lọ bá olùkọ́ wa, mo kó fláàṣì lé wọn lọ́wọ́, mo sì jẹ́wọ́. Wọ́n gba wákàtí náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fún ọmọbìnrin náà ní èyí tó kù nínú táàmù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ kò ṣeé dá padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, pé mo ti ba nǹkan jẹ́ fún gbogbo onígéèmù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ìdíje kan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ohun tí a lè lò àti ohun tí a kò gbọ́dọ̀ lò sára ògiri, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò mọ̀. Ẹ kọ́ wa ní macro ní gbangba, kí ẹ sì dá ìdíje tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ní ọgbọ́n rẹ̀ rí ibi tí yóò ti lò ó láìfi í pamọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá bá ọmọ yín nídìí géèmù, ẹ má kàn sọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ bi í bó ṣe ń borí.

Nígbà tí mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn, mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Bùrọ̀dá, báwo lẹ ṣe kọ ọ́?" Láti ìgbà náà, a jọ ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ní ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú àṣẹ olùkọ́ wa. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà fún wa kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, kò sì ní àmì ohùn. Òun ló kọ macro tó ń fi wọ́n sí i. Òun náà ni mo fi tẹ àròkọ yìí ní ṣọ́ọ̀bù màmá mi, mo sì ń sọ ọ́ síta kí ẹ̀yin adájọ́ ìdíje yìí lè mọ̀.